“Ìwòsàn” kọ́ ni kíndìnrín ń ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí àbá àná, pé kí a máa pe àìsàn tí àwọn dókítà ń kọ sílẹ̀ ní AKI (acute kidney injury, kí nǹkan ṣàdédé kọlu kíndìnrín) ní “ọgbẹ́ kíndìnrín òjijì”, kí a sì pe bíbọ́ nínú rẹ̀ ní “ìwòsàn”. Kíndìnrín dára. “Iwe” ni Bíbélì àtijọ́ lò, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ iwe lónìí, adìẹ ni ọkàn èèyàn máa lọ sí. Òjijì náà dára.

Ọgbẹ́ ni mi ò gbà. Ọgbẹ́ máa ń ní ojú, a máa ń dì í. Ibà líle, ìgbẹ́ gbuuru tó gbẹ omi ara, ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo wọn lè kọlu kíndìnrín láàárín ọjọ́ méjì láìsí ojú ọgbẹ́ kankan. Ẹ sọ fún ìyálọ́mọ pé kíndìnrín rẹ̀ ní ọgbẹ́, á bi yín pé ta ló gún òun. “Ìpalára” ni tèmi. Àwọn tó fẹ́ “àìṣiṣẹ́” náà, ẹ rántí pé àwọn oníṣègùn ti fi irú orúkọ yẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, torí kíndìnrín lè ti fara pa kó tó dáṣẹ́ dúró. Nínú ìlànà tí KDIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín, gbé jáde ní 2012, bí creatinine inú ẹ̀jẹ̀ (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò) bá fi ìdajì lé sí i láàárín ọjọ́ 7, ó ti tó láti pè é ní AKI.

(Nínú ìwé tí a bá kọ fún òbí, ẹ jẹ́ ká kọ “ọmọ ò tọ̀ mọ́”. Nígbà tí májèlé wọ oògùn eyín My Pikin ní 2008, tí ọmọ tó lé ní 80 kú, ohun tí àwọn òbí rí nìyẹn.)

Ibi tí ó dùn mí gan-an ni “ìwòsàn”. Ẹni tó ń woni ló ni ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló ń padà. “Sàn” tún ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Creatinine ẹnì kan á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín wákàtí 48. Ti ẹlòmíràn á kàn wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kì í ṣe ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń kí kú ewu. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ “o ti sàn”, kò padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 90 gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti di àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́.

“Ìkọ́fẹpadà” wù mí, àmọ́ èèyàn ló ń kọ́fẹ padà, ẹ̀yà ara kọ́. Mo dábàá “ìbọ̀sípò”: ìbọ̀sípò kíkún, ìbọ̀sípò tí kò pé, àìbọ̀sípò.

Ìṣòro kan ṣì wà nínú àbá mi, kí ẹlòmíràn tó fà á yọ. Ọ̀pọ̀ wa ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rí kí àìsàn tó gbé wa dé ọsibítù. Ipò wo wá ni kíndìnrín bọ̀ sí? Dókítà á fojú bu ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá náà ni. Ẹni tó bá ní orúkọ fún ìwọ̀n àfojúbù yẹn, kó jọ̀ọ́ mú un wá.