Ẹ̀yìn àwòrán ni mo ń kọ́kọ́ wò báyìí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra àwòrán Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ wá sọ tiyín

Aṣọ́jà Ẹtì, Camberwell

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnì kan bi mí lánàá bí mo ṣe dẹni tó ń ra àwòrán àtijọ́ tó sì ń tà wọ́n. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin náà lè sọ ohun tójú yín ti rí.

Ọdún 2011 ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, mo sì máa ń ya ọjà ẹrù àtijọ́ Bermondsey ní London láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí n tó relé lọ sùn. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọjà gidi ti ń lọ, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Títí di oṣù kìíní ọdún 1995, òfin àtijọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá fi inú kan ra nǹkan nírú ọjà bẹ́ẹ̀, láàárín ìgbà tí oòrùn yọ sí ìgbà tó wọ̀, ti rà á nìyẹn, kódà kó jẹ́ ẹrù olè. Wọ́n ti fagi lé e kí n tó débẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ọjà ṣì máa ń fi ṣàwàdà.

Mo rí àwòrán kan níbẹ̀: ilé ìjọsìn àtijọ́ tó ti wó, odò níwájú ẹ̀, màlúù méjì. Ọ̀dà olómi ni wọ́n fi yà á, wọtakọ́lọ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: T. Girtin. Bàbá tó ń tà á ò sọ pé Girtin ni o. Ó kàn ní, "Ìwọ náà kà á." Orí mi wú. Mo ti kà nípa Thomas Girtin, ògbóǹtarìgì ayàwòrán wọtakọ́lọ̀, ní ilé ìkàwé: ọdún kan náà, 1775, ni wọ́n bí òun àti Turner, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí gan-an, ọmọ ọdún 27 péré sì ni nígbà tó kú ní 1802. Wọ́n ní Turner fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé ká ní Tom ò kú ni, ebi ì bá pa òun. Mo san pọ́n-ùn 240, owó tó yẹ kó lọ sílé lóṣù yẹn. Kò tiẹ̀ yẹ kí n sọ ìyẹn, ìyàwó mi máa ń ka ibí yìí.

Oṣù mẹ́rin ló fi wà lógiri, tí gbogbo àlejò tó bá wọlé á gbọ́ ìtàn Girtin kí wọ́n tó fún un lómi mu. Gíláàsì ẹ̀ wá sán lọ́jọ́ kan, mo bá tú férémù, mo gbé ìwé náà sójú fèrèsé. Inú ìwé, kì í ṣe orí ẹ̀ o, inú ẹ̀ gan-an, lẹ́tà ń yọ: J WHATMAN, 1816 sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Òkú tó ti lo ọdún mẹ́rìnlá nínú ibojì ló ya àwòrán mi.

Whatman ni ìwé tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbẹ́ Maidstone ní Kent ni wọ́n ti ń ṣe é. Wáyà tí wọ́n rán mọ́ asẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n ìwé lójú omi ló ń fi àmì sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ní 1794 òfin kan jáde pé kí ọdún wà nínú ìwé kí aṣèwé tó lè gba owó orí ẹ̀ padà lórí èyí tó bá kó lọ sókè òkun. Bí ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá orúkọ rìn nìyẹn. Ọdún inú ìwé kì í sọ ìgbà tí wọ́n yàwòrán o. Èèyàn lè yàwòrán lónìí sórí ìwé ayé ọjọ́un. Kò sẹ́ni tó lè yà á sórí ìwé tí wọn ò tíì ṣe.

Mo tà á ní pọ́n-ùn 70, mo sì sọ òótọ́ fún ẹni tó rà á. Látìgbà náà, bí mo bá ti gbé àwòrán, mo ti dojú ẹ̀ dé kí n tó mọ ohun tó wà lójú ẹ̀. Pẹ́ńsùlù kan ló gbà láti kọ orúkọ òkú sísàlẹ̀ àwòrán.

Ẹ̀yìn náà ló sì san gbèsè padà. Ní 2014, nínú àpótí ìwé jákujàku kan, mo rí igi kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ yà, kò lórúkọ, pọ́n-ùn 15. Mo yí i padà. Pẹ́ńsùlù ti kọ lẹ́tà D àti nọ́ńbà kan síbẹ̀. Àyà mi já, torí mo ti rí irú ẹ̀ rí. Leonard Duke, ọkùnrin kan tó máa ń kó àwòrán jọ, ló máa ń kọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn àwòrán tó bá ti di tiẹ̀, àwòrán Gẹ̀ẹ́sì tó sì kó jọ láyé ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Pé ó gba ọwọ́ Duke kọjá ò sọ ẹni tó yà á, ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹni tójú ẹ̀ là ti wò ó, ó sì ní ó tó tọ́jú. Pọ́n-ùn 420 ni mo tà á. Ẹni tó rà á ò tíì bi mí títí dòní ẹni tó ya igi yẹn.

Ó yá, ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Aláró, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, òkú ọlọ́dún mẹ́rìnlá! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ìyá mi rẹ aró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, títí ó fi darúgbó. Bí èékánná ẹ̀ ṣe dúdú náà la ṣe sin ín. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn mo ra wọtakọ́lọ̀ kan ní ilé gbàǹjo kékeré kan ní Lincolnshire: pápá ọkà, kẹ̀kẹ́ ẹrù, ojú ọ̀run pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Wọ́n ní ó jọ iṣẹ́ De Wint. Ẹ mọ̀ pé Peter De Wint kì í sábà kọ orúkọ sí iṣẹ́ ẹ̀, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwòrán yíyà, nítorí náà kò sí pápá ọkà àgbègbè Lincoln tí wọn kì í fi kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi ò tiẹ̀ wo ìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo rà. Ó tù mí lára.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe férémù pé kó bá mi pààrọ̀ káàdì tó yí i ká, torí àwọn káàdì àtijọ́ máa ń ní ásíìdì tó ń sun ìwé di àwọ̀ búrẹ́dì létí. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì pé kí n wá wo nǹkan. Létí ìwé náà, níbi tí káàdì ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ojú ọ̀run ò pupa rárá. Búlúù ni, búlúù tí mo mọ̀ láti kékeré. Mo ní, "Aró rèé!" Òyìnbó ní kí ni mo sọ.

Aró ni lóòótọ́. Ewéko mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe ìndígò tí àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn ń lò, kì í ṣe ẹ̀lú tiwa, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń pa aṣọ láró nínú méjèèjì. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ ọ̀dà pupa díẹ̀ kí ìkùukùu lè rí bí eérú. Ọ̀dà pupa yẹn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, ìmọ́lẹ̀ ò rí i gbé ṣe. Aró ni ìmọ́lẹ̀ ń jẹ. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dojú kọ fèrèsé fún ọdún gbọọrọ, aró á lọ, pupa á kù. Ẹni tó ya tèmi, òjò tó ṣú ló yà. Èmi lọ ra ìrọ̀lẹ́.

Ìyá mi ì bá ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Òun ló máa ń pariwo lé wa lórí bí a bá gbàgbé àdìrẹ sójú oòrùn: "Ẹ fẹ́ kí oòrùn mu aró mi gbẹ ni?"

N ò tà á o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé ló wà báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé ní oṣù kìíní tó tẹ̀lé e, mo wọ rélùwéè lọ sí Edinburgh nínú òtútù yẹn, torí àwòrán Turner 38 tí Henry Vaughan, ẹnì kan tó máa ń kó àwòrán jọ, fi sílẹ̀ fún National Gallery ibẹ̀, tó di tiwọn ní 1900. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé oṣù kìíní nìkan ni kí wọ́n máa gbé wọn síta lọ́dún, ìgbà tí ojúmọ́ ò lágbára, kí ẹnikẹ́ni má sì gbowó ìwọlé. Ẹ lọ wo búlúù tó wà níbẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè ọmọdé ni mo ní: ṣé owó wà nínú ẹ̀? Mo ní àbúrò ní Manchester tó lè máa bá mi rà wọ́n.

Bàbá Àgbà, Croydon

Ọmọ mi, jẹ́ kí n tètè dá ọ lóhùn kí àbúrò ẹ tó ná owó ilé.

1988 ni mo ra wọtakọ́lọ̀ òkè Wales kan, ayé Victoria, orúkọ ayàwòrán wà lára ẹ̀, orúkọ náà sì jóòótọ́. Pọ́n-ùn 1,100. Láyé ìgbà yẹn, dókítà, lọ́yà, gbogbo wọn ló ń rà á kọ́ pálọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní ilé ni mo rà yẹn, kò lè wálẹ̀ láéláé. Ní 2019 a kó lọ sí ilé tó kéré, mo gbé e lọ sí gbàǹjo. Òòlù ró ní 160. Wọ́n yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n yọ owó orí lórí ìyẹn, wọ́n yọ pọ́n-ùn mẹ́fà owó fọ́tò. Ó ku pọ́n-ùn 125 àti ogún pẹ́nsì. Mo wá gbọ́ pé ẹni tó rà á san 208, torí òun náà ní tiẹ̀ tí wọ́n fi lé e. Ilé gbàǹjo jẹun lábọ́ àwa méjèèjì.

Ohun tó fà á ò le. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ti ń kú, àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ òkè àti màlúù lógiri. Ìyẹn ò kan Turner àti Girtin ojúlówó. Owó tiwọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ti àárín ló ṣubú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà láti máa wò, ìgbà yìí gan-an ló dára jù. Iṣẹ́ tí apá mi ò ká rí, mo ti ń rà á ní owó bàtà.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ orúkọ èké tí Aṣọ́jà sọ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní London ní 1976 nígbà tí ìwé ìròyìn The Times tú àṣírí àwọn àwòrán Samuel Palmer, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, tó ṣàdédé pọ̀ lọ́jà. Tom Keating, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ títún àwòrán ṣe, jẹ́wọ́ pé òun ló yà wọ́n. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1979, ara ẹ̀ ò yá, wọ́n pa ẹjọ́ náà tì. Ọkùnrin náà di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n! Títí dòní ni iṣẹ́ ẹ̀ ń rí ẹni rà. Aládùúgbò mi kan ní Keating lógiri, ó sì ń fi yangàn sí èmi tí mo fi pọ́n-ùn 1,100 ra ojúlówó.

Ará Norwich

Mo kí gbogbo ilé. Ìlú tí mò ń gbé, Cotman ni wọ́n fi ń búra. Norwich ni wọ́n bí John Sell Cotman, ayàwòrán wọtakọ́lọ̀, sí ní 1782. Iṣẹ́ ẹ̀ ò tà tó bó ṣe yẹ nígbà ayé ẹ̀, ó wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní àwòrán yíyà kó lè bọ́ ilé. Ó máa ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán kí wọ́n dà á kọ nílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn da nọ́ńbà náà kọ pẹ̀lú.

Mo rí ọ̀kan tó ní nọ́ńbà, afárá àti ilé ọlọ, mo san 380 ní gbàǹjo, mo ń gbọ̀n lórí ìjókòó. Mo wá lọ fara balẹ̀ wo ti Cotman gan-an ní Castle Museum níbí, tèmi wà nínú fóònù lọ́wọ́. Cotman máa ń tẹ́ ọ̀dà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, á jẹ́ kó gbẹ, etí ẹ̀ á mú bí ẹni fi abẹ gé e. Tèmi, ọ̀dà gun orí ọ̀dà, pẹ́ńsùlù pa rẹ́, ó tún kọ, ó tún pa rẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù tíṣà ni. Ṣé mo bínú? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣùgbọ́n ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbé omi abẹ́ afárá yẹn dára ju gbogbo ìyókù lọ, bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ló ti gbàgbé pé wọ́n máa máàkì ẹ̀. Ó ṣì wà lógiri mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó pẹ́ jù o, àbúrò mi ti ra ọ̀kan lánàá, pọ́n-ùn 45. Ó ní David Cox ni wọ́n kọ sí i. Kò wo inú ìwé. Àmọ́ ó ní àwọn nǹkan dúdú tíntìntín kan wà lójú ọ̀run, ṣé ìyẹn burú?

Aṣọ́jà Ẹtì, Camberwell

Ó lè dára gan-an! Ayàwòrán wọtakọ́lọ̀ ni Cox náà. Ní 1836 ó rí ìwé líle kan ará Scotland, irú tí wọ́n fi ń di ẹrù, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú wà nínú ìwé náà káàkiri. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó máa ń ṣe bó bá bọ́ sójú ọ̀run, ó ní òun kàn máa ń fún un ní ìyẹ́ méjì, á sì fò lọ bí ẹyẹ. Kí àbúrò ẹ má fọwọ́ ra á o. Kó yọ ọ́ kúrò nínú férémù, kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí nǹkan dúdú yẹn bá wà nínú ìwé, tó tún yọ lẹ́yìn, kó tètè pè mí. Ọjọ́ Sátidé mo lè wọkọ̀ lọ sí Manchester.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ó ti tú u, sà. Orí gíláàsì ló wà. Ó ní ìgbẹ́ eṣinṣin ni.