Ilé ìwé ní kí ọmọ mi lọ ṣe IT, ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbọ̀nà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní pólì, iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló ń kọ́, wọ́n sì ti fẹ́ parí ọdún àkọ́kọ́ ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì. Ilé ìwé ti ní kí kálukú lọ wá ibi tó ti máa ṣe IT olóṣù mẹ́rin, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta ilé ìwé kó lè fojú rí ohun tó ń kọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan ti bá a wá àyè sí ọ́fíìsì kan nínú Òṣogbo yìí. Wọn ò ní san nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní àwọn á buwọ́ lu ìwé rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní kí n mú ọmọ náà lọ bá ọ̀gá kan tó ń ṣe sólà àti ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) lọ́nà Gbọ̀ngán, kó lọ kọ́ iṣẹ́ gidi. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀gá yẹn fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. A ó san owó ìkọ́ṣẹ́, a ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní bó bá gba pé kó fi ìwé sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀, pé àwọn tó ti gba HND, ìwé ẹ̀rí pólì tó ga ju ND lọ, ládùúgbò wa, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ẹja tí mo ń tà ni mo fi ń rán ọmọ yìí níwèé, àmọ́ mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ṣé IT àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Èwo ni kí n ṣe? Ọmọ fúnra rẹ̀ ní ohun tí mo bá sọ lòun máa ṣe.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọmọ IT tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó mọ orúkọ irin iṣẹ́ ló ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Olùkọ́ Pólì

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo máa ń lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò níbi IT, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. IT yìí, tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ń jẹ́ SIWES, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, torí pé àwọn tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn ò mọ irin iṣẹ́ dì mú. Wọn ò dá a sílẹ̀ kí ọmọ lè tibẹ̀ di ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń kà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ oṣù mẹ́rin fún ọmọ ND, oṣù mẹ́fà fún àwọn tó ń kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì. Dandan sì ni, ara ohun tó máa fi gba ND ni. Wọ́n á fún un ní lọ́gíbúùkù, á máa kọ ohun tó bá ṣe sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó ń mójú tó o níbi iṣẹ́ á máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwa náà á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá padà sílé ìwé, á kọ ìròyìn, á sì wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú wa.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Àárín òbí, ọmọ àti ọ̀gá ni, ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé àdéhùn ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ọmọ á gbálẹ̀, á ru irin iṣẹ́, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí ọ̀gá á fi gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ́ọ̀mù, ó lè lọ yá ṣọ́ọ̀bù kó dá dúró. Oṣù mẹ́rin ò lè sọ ẹnikẹ́ni dà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí rẹ̀ fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé lẹ́yìn ND, ọdún kan gbáko tún wà tí ọmọ máa fi ṣiṣẹ́ kó tó wọlé HND. Ọdún yẹn ni mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má fi ṣòfò. Bí ọ̀gá sólà yẹn bá lè kọ lẹ́tà pé òun gba ọmọ, tó ní sítáàǹpù, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì bá ohun tí ọmọ ń kọ́ mu, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka SIWES ilé ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n á gbà kó ṣe IT olóṣù mẹ́rin yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Mo ti bẹ ọmọ wò nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ rí, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ rẹ̀ wú mi lórí.

Ọmọ Pólì Àná

Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ yín sí ọ́fíìsì tìtorí pé ibẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì ni mo ti ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọn ò hùwà ìkà sí mi o, wọn ò kàn ní iṣẹ́ iná kankan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni. Wọ́n á rán mi lọ ra oúnjẹ, màá ṣe fọ́tòkọ́pì, ọjọ́ á sì lọ. Lọ́jọ́ tí mo ń ṣàlàyé, wọ́n ní kí n yàwòrán bí wọ́n ṣe ń so ṣéńjìófà, ẹ̀rọ tí a fi ń yí iná ilé láti orí iná ìjọba sí orí jẹnẹrétọ̀, ẹnu mi wọlé. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára, torí mi ò tún rí irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́ kí n tó jáde.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ọ́fíìsì yẹn, mà: bí iná wọn bá bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe? Bí wọ́n bá ní àwọn máa ń pe ẹnì kan láti ìta ni, ọ̀dọ̀ ẹni ìta yẹn ló yẹ kí ọmọ yín lọ.

Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọmọ ìyá mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa iná, aró ni tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà máa ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń bá mi gbé, nítorí náà mo ń rí àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ IT a máa béèrè ìdí. Kí ló dé tí ẹ̀lú fi ń fẹ́ omi eérú? Kí ló dé tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tó jẹ́ ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù? Ọmọ iṣẹ́ mi ò lè dáhùn èyí, ṣùgbọ́n ó lè gbóòórùn aró kó sọ fún ọ pé kò tíì tó. Mo máa ń fi wọ́n jókòó ti ara wọn, kí wọ́n lè kọ́ ara wọn.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà, ẹ má bínú sí mi, oṣù díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré bí ọwọ́ ọmọ bá kan iṣẹ́. Nínú Òṣogbo yìí náà ni àwọn òyìnbó méjì kan, Ulli Beier àti Georgina Beier, ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Mbárí Mbáyọ̀, ilé àṣà àti eré Dúró Ládiípọ̀, nínú àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven Seven àti Múráínà Oyèlámì ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé orúkọ wọn dé òkè òkun.

Ọmọ Òṣogbo ní Jámánì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé. Níbí, wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀, Ausbildung ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjì sí mẹ́ta ààbọ̀ ni, ọmọ á wà níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, á wà nílé ìwé lọ́jọ́ tó kù. Ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún ọmọ lóṣooṣù, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1969 ló sì ń darí rẹ̀. Wọ́n ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ bíi lọ́gíbúùkù níbí náà. Èmi ò rò pé ó yẹ ká ní kí ọmọ ogún ọdún yan ọ̀kan nínú ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín, ìyá.

Oní-sólà Alékùwodò

Iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oṣù mẹ́rin lè ṣe. Ọmọ tó ti ka ọdún kan ní pólì á tètè mọ bí wọ́n ṣe ń lo mítà, bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye iná tí ilé kan ń jẹ, àti bí wọ́n ṣe ń so páńẹ́lì. Ó ti kà á níwèé pé bó bá so wọ́n tẹ̀ léra, fólítéèjì ló ń pọ̀, bó bá so wọ́n ní párálẹ́ẹ̀lì, kọ́ọ́rẹ́ǹtì ló ń pọ̀. Lọ́dọ̀ mi, á gun òrùlé, á sì rí i lójú mítà. Títún bọ́ọ̀dù ínfátà ṣe ni mi ò lè kọ́ ọ lóṣù mẹ́rin. Ìyẹn gba ọdún.

Ẹ ṣọ́ ohun méjì. Èkíní ni ẹ̀mí ọmọ. Páńẹ́lì tí oòrùn bá ti ń ràn lé ti ní iná lára, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa fi pa oòrùn. Ẹ wo ọ̀gá yẹn dáadáa: ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà, ṣé wọ́n ń so okùn mọ́ra tí wọ́n bá wà lókè? Bí kò bá sí, ẹ yí padà. Èkejì ni owó. Ẹ má san owó ìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún IT olóṣù mẹ́rin. Kí lẹ́tà IT dá wà lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ràn ibẹ̀, kó máa lọ lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà họ́lídé, kó sì lo ọdún kan tó wà ṣáájú HND lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó jù ú lọ. Ó tún lè lọ ṣe Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, láti ipele kẹta, tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀, lọ sókè, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà lè ní ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà

Ìyá aláró, mo gbà. Ìyá wa, ẹ kàn sọ fún ọmọ kó má ti ọwọ́ bọ àpò tó bá débẹ̀. Ọmọ pólì tó bá bá wa gbálẹ̀, tọkàntọkàn la fi ń kọ́ ọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbọ̀nà

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ti pe ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ní ẹni ìta ló ń tún iná wọn ṣe lóòótọ́. Mo tún ti lọ rí ọ̀gá ọ̀nà Gbọ̀ngán, mo bá ọmọ rẹ̀ méjì lórí òrùlé, wọ́n so okùn mọ́ra, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun ò kọ lẹ́tà IT fún ẹnikẹ́ni rí. Olùkọ́, kí ni kó kọ síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú, àmọ́ mo ti sọ fún un pé ọmọ mi ò ní fi ìwé sílẹ̀.

Olùkọ́ Pólì

Ẹ kú ìsapá, mà. Kó lo ìwé tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kó kọ orúkọ ọmọ, ilé ìwé, ohun tó ń kọ́, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, àti irú iṣẹ́ tó máa ṣe níbẹ̀. Kó buwọ́ lù ú, kó tẹ sítáàǹpù, kó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i kí a lè rí i pè. Kí ọmọ mú un lọ sí ẹ̀ka SIWES kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.