Ọmọ 52, kò síná: eré wo ló lè mú wọn la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì?

TíṣàPámárì4
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì kẹrin tí mo ń kọ́. Tó bá di ká da Gẹ̀ẹ́sì kọ láti ojú pátákó, kò sí wàhálà. Àmọ́ kí n ní kí ẹnì kan sọ ọ́ jáde báyìí, gbogbo wọn á pa lọ́lọ́. Kò síná, kò sí kọ̀ǹpútà, fóònù mi nìkan ni. Ìṣẹ́jú 40 ni kíláàsì kan. Eré wo ni kò ní di ariwo lásán?

Ìyá Ẹ̀kọ́
Ẹ fi bíńgò bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ tí ahọ́n Yorùbá máa ń sọ di ọ̀kan ni kí ẹ lò. A ò ní ìró v, a ò ní z, a ò ní ti "th" àti "ch". Ìyẹn ni "van" ṣe ń di "fan" lẹ́nu ọmọ, tí "chair" ń di "share".

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 12 sójú pátákó ní méjì-méjì: fan, van, ferry, very, price, prize, sue, zoo, tin, thin, share, chair. Kí ọmọ méjì-méjì jọ lo ìwé kan, kí wọ́n fa àpótí 9, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, kí wọ́n kọ 9 tó bá wù wọ́n nínú ọ̀rọ̀ náà sí i. Ẹ máa pe ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa sàmì sí èyí tí wọ́n bá gbọ́. Ẹ̀wà ni kí ẹ fún wọn láti fi sàmì; ìdérí ọtí máa ń yí bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ to mẹ́ta gbọọrọ á ké "Bíńgò!", àmọ́ kò tíì jẹ. Àfi kó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta. Tó bá pe "van" ní "fan", ẹ má kà á sí, kí eré máa lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń la ẹnu. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò, eré gbígbọ́ lásán ló ń ṣe.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àwọn ọmọ á máa wo ẹnu tíṣà: ahọ́n tó yọ láàárín eyín ti tú àṣírí pé "thin" ni. Ẹ fi ìwé bo ẹnu. Èkejì ni pé tíṣà fúnra ẹ̀ lè má ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ ṣí atúmọ̀-èdè Cambridge lórí fóònù nílé, ẹ tẹ àmì ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wá gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ fa v gùn: á máa gbọ̀n. F kì í gbọ̀n.

Akọ̀wé Ògiri
Àpèkọ alárìn náà dáa. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà 13, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin sórí páálí, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju ọ̀rọ̀ 8 lọ, ẹ lẹ ẹ̀dà mẹ́rin mọ́ ògiri ìta. Ọmọ kan á lọ kà á, á gbé e sórí wálé, á sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ. Àwọn méjì yòókù á máa ṣọ́ sípẹ́lì. Gbólóhùn kejì, ẹlòmíì ló máa lọ. Kò gbọ́dọ̀ mú bírò dání, ẹni tó bá sì sáré á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀dà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ẹ fi irú "She gave him her book" àti "My mother sells yams" sí i. "Ó" kan náà la ń lò fún ọkùnrin àtobìnrin, nítorí náà "she" lè ti di "he" kó tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. "S" ìparí "sells" àti "yams" náà á ti já sọ́nà. Kí wọ́n fúnra wọn gbé ìwé lọ fi wé páálí kẹ́ ẹ tó mú bírò pupa.

TíṣàPámárì4
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn tó ń fi ẹni tó bá ṣì í sọ rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹnì kan tún ní kí n ra Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀.

Bàbá Sípẹ́lì
Scrabble dùn, Nàìjíríà ò sì kéré níbẹ̀: Wellington Jighere ló gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́dún 2015. Àmọ́ èèyàn mẹ́rin ni pátákó kan gbà, 48 yòókù á máa wòran. Ẹ gé páálí sí lẹ́tà 100 bíi tiwọn: E 12, A 9, I 9, Q àti Z ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òfìfo méjì. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fa 7, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá lè fi ṣe gbólóhùn lẹ́nu, kò ní máàkì.

Ní ti ẹ̀rín, ẹ má tètè dá ẹnì kan dìde. Gbogbo kíláàsì á kọ́kọ́ sọ ọ́, ó kan bẹ́ǹṣì kan, ó kan ẹni méjì, kó tó wá kan ẹyọ ẹnì kan. Ẹ tún lè ka gbólóhùn 10, kí ẹ da èyí tó gbé Yorùbá wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ èyí tó péye: "I can hear the smell", "They are calling you" nígbà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe á dìde, á tún un sọ. Gbólóhùn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ.

Fún kíkà, ìkànnì African Storybook ní ìtàn ọ̀fẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ẹ ka ti Yorùbá ná.

Ìyá Ẹ̀kọ́
Àtúnṣe kan sí tèmi: ẹ yọ "sue" àti "zoo". Ọmọ kíláàsì kẹrin ò mọ "sue", kò sì ní lè fi ṣe gbólóhùn. Ẹ fi "ice" àti "eyes" rọ́pò wọn.