Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti aláìsàn tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀: báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn?

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù (Àkúrẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù. Ìwé wọn kún fún "Hausa kì í ṣe èyí, Ijaw ò fẹ́ tọ̀hún", bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dé iwájú aláìsàn, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Wákàtí 12 péré ló wà. Kí ni kí n fi ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa fún wọn ní máàkì?

ÌyáÀgbẹ̀bí (Oǹdó)
Ìwé yẹn gan-an ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ìyá kan láti Sábó, á ti pinnu ohun tó fẹ́ kó tó bi í.

Ẹ lo wákàtí 2 fún ìmọ̀, 2 kí wọ́n fi yẹ èrò ọkàn ara wọn wò, 8 tó kù fún ṣíṣe é. Ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, aláìsàn, ẹni tó ń wò wọ́n pẹ̀lú bébà. Ìṣẹ́jú 8 fún eré, 12 fún àgbéyẹ̀wò, kí wọ́n wá pààrọ̀ ipò. Ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì: Kí lẹ ń pe àìsàn yìí? Kí lẹ rò pé ó fà á? Kí lẹ ti lò sí i? Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù? Ẹnì kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí, ìdí yíyọ ló ń sọ. Ẹlòmíì á ní jẹ̀díjẹ̀dí, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni tirẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá sì fajú ro nígbà tó gbọ́ "àgbo", kò ní gbọ́ òótọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bébà olùwòran ni kí ẹ fi fún wọn ní máàkì: ṣé ó gbàṣẹ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn? Ṣé ó ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ? Ìbéèrè 20 ti CQS (Cultural Intelligence Scale, òṣùwọ̀n bí èèyàn ṣe mọ bá ẹni tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ lò), tí Ang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, wúlò, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ló ń díwọ̀n ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ dáadáa lè fún ara rẹ̀ ní máàkì tó kéré sí ti àkọ́kọ́, torí ó ti rí ibi tó kù sí.

YàráÌrọbí
Ẹ fi olóbi kún eré náà. Ìdílé púpọ̀ ṣì fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ fúnra wọn. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ oyún ni kí wọ́n ti béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Tí wọn ò bá béèrè, á ti bọ́ sí garawa ìdọ̀tí kí ẹnikẹ́ni tó rántí. Lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, torí èyí tó bá kù sínú lè fa ẹ̀jẹ̀. Tí òfin ilé ìwòsàn bá gbà á, nylon méjì, ike onídèérí, ìbọ̀wọ́ fún ẹni tó máa gbé e. Kòtò tó jìn, tó sì jìnnà sí kànga.

ÀlùfáàTàbíDókítà
Ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ oògùn wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ di ti sààrì àti ìṣínu. Kó pe dókítà, bóyá oògùn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Al-Qur'an 2:184 yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi ṣe wàásù. Kó bi í bóyá ó fẹ́ bá ààfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá jẹ́ ọmọ aláìsàn ló ń ṣe ògbufọ̀ ńkọ́?

ÌyáÀgbẹ̀bí
Rárá o. Ìyá ò ní sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tàbí ti oyún tó wálẹ̀ létí ọmọ rẹ̀. Ẹ wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè náà, kí nọ́ọ̀sì kọjú sí aláìsàn, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan.