Lórí “akọ” àti “abo” nínú gírámà Faransé

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Mo ka àbá tí ẹnìkan mú wá pé kí a máa pe ọ̀nà méjì tí Faransé pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ní “akọ” àti “abo” nínú ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ èdè náà. Ẹ jọ̀wọ́, mo tako ó, nítorí yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Akọ àti abo ti ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lédè wa tẹ́lẹ̀. Akọ òkúta ni òkúta tó le koko, ṣùgbọ́n “une pierre” ni òkúta lédè Faransé, ọ̀dọ̀ abo ni wọ́n sì fi í sí, bó ti wù kó le tó. Ti ìbẹ́pẹ tún ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé abo ìbẹ́pẹ ló ń so. Síbẹ̀ “un papayer” ni igi náà, ì báà so, ì báà má so, èso rẹ̀ ló wá ń jẹ́ “une papaye”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé akọ ni igi yìí, oko ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ, kò ní dúró sórí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu odi pàápàá, “une sentinelle” ni.

“Genre” tí àwọn Faransé fúnra wọn ń lò, inú “genus” ti èdè Látìn ló ti wá, irú tàbí oríṣi sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ń sọ “masculin” (ti akọ) àti “féminin” (ti abo), a kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ “agbo” ni mo dábàá, agbo “un” àti agbo “une”, nítorí “un” àti “une” ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “kan” níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. N kò mú “ìsọ̀rí”, torí a ti ń lò ó fún ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àwọn yòókù. N kò sì mú “le” àti “la”, tó dà bíi “náà” lédè wa, nítorí àwọn méjèèjì ń di “l’” níwájú fáwẹ̀lì, “l’arbre” (igi náà) àti “l’école” (ilé-ẹ̀kọ́ náà) kò sì jẹ́ kí a mọ agbo tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ kan náà lè wà nínú agbo méjèèjì kí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: “un livre” ni ìwé, “une livre” ni pọ́n-ùn, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó bá wọ agbo gbọ́dọ̀ jó bí wọ́n ti ń jó níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni akọtọ́ ti ń dá àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin láàmú, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fetí sí “bon” (dára): “n” inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìbọn, àránmú lásán, ìyẹn ohùn tó ń gba imú jáde, ló ń tọ́ka sí. Bó bá wọ agbo “une”, ó di “bonne”, àránmú lọ, “n” sì dún gedegbe. Ọmọ tó mọ ìbọn í kọ ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà nílé. “Vert” àti “verte” (aláwọ̀ ewé) ni kó tẹ̀lé e, tí “t” rẹ̀ dákẹ́ nínú àkọ́kọ́ tó sì sọ̀rọ̀ nínú èkejì. Kí “joli” àti “jolie” (rẹwà) gbẹ̀yìn, nítorí ojú nìkan ló ń rí ìyàtọ̀ wọn, etí kì í gbọ́ ọ.