Ìbéèrè: báwo ni mo ṣe lè tú GIF sí BMP tí bọ́ọ̀dù LED máa kà?

Ọmọ Ìmọ̀wo (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bọ́ọ̀dù LED kan wà nílẹ̀ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan tó fẹ́ gbé e sí iwájú kánópì wọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Pánẹ́ẹ̀lì P10 mẹ́jọ ni (píksẹ́lì, ìyẹn ojú iná, 32 sí 16 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan), mẹ́rin ní ìbú, méjì ní òró, ìyẹn píksẹ́lì 128 sí 32. Kọntirólà rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná náà, kì í ka GIF, ìyẹn fáìlì àwòrán tó lè mira. BMP, ìyẹn fáìlì àwòrán tí kì í mira, ti bíìtì 24 (báìtì 3 fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan) tí wọn ò fún pọ̀ nìkan ló ń kà láti orí mẹ́mórì kádì, á sì máa fi wọ́n hàn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. GIF méjì ni oníṣẹ́ tó ya àmì ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́. Èyí tó gba ímeèlì wá ṣí nínú Paint, àmọ́ tí mo bá tọ́jú rẹ̀ bíi BMP, àwòrán kan ṣoṣo ni mo ń rí. Ohun èlò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tú gbogbo rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n láti fírémù (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan inú GIF) kejì lọ, àjákù àwòrán ló wà níbẹ̀, ìyókù dúdú. Èkejì tó gba WhatsApp wá, Paint ò ṣí i rárá. Windows 10 ni mo ń lò.

Ará Mákún (Ṣàgámù):
Paint kì í ka kọjá fírémù àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ti àjákù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

GIF tó ń mira kì í sábà tọ́jú odidi àwòrán fún gbogbo fírémù. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń pé. Èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ kìkì ibi tó yí padà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó sọ ibi tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ìrùkẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń jù nínú àmì yín, ìrùkẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa wà nínú fírémù yẹn. Fírémù kọ̀ọ̀kan tún gbé àṣẹ tirẹ̀ dání nípa ohun tí wọn yóò ṣe sí i kí èyí tó kàn tó dé: kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n nù ún kúrò, tàbí kí wọ́n dá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Ohun èlò tí ẹ lò kàn yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láì tò wọ́n lé ara wọn ni.

Ẹ lọ gba ImageMagick, ohun èlò tó ń fi àṣẹ tí ẹ bá kọ tún àwòrán ṣe, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí fóldà tí GIF wà, ẹ tẹ cmd sí ojú àdírẹ́ẹ̀sì fóldà náà lókè, ẹ tẹ Enter. Kí ẹ wá kọ èyí sórí ìlà kan ṣoṣo, kí orúkọ GIF yín wà níbi tí mo kọ ami.gif sí:

`magick ami.gif -coalesce -resize 128x32 -background black -gravity center -extent 128x32 -alpha remove -alpha off -type TrueColor -compress None BMP3:F%03d.bmp`

`-coalesce` ló ń to àjákù di odidi, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá fi `-resize` ṣáájú rẹ̀, àjákù kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tàbí kéré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní bá ara wọn mu mọ́. `-background black` pẹ̀lú `-alpha remove` ń fi dúdú dí ibi tí GIF ṣófo, dúdú lórí LED sì ni iná tí kò tàn. `BMP3` ń kọ orí fáìlì (àlàyé tó ṣáájú àwòrán nínú fáìlì) ti àtijọ́, oníbáìtì 40, èyí tí kọntirólà kéékèèké mọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ inú fáìlì .bat, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ń to àṣẹ sí, lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí, `%%03d` ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì kọ `convert` tí ẹ máa rí nínú àlàyé àtijọ́. Windows ní `convert` tirẹ̀, iṣẹ́ díìsìkì lòun ń ṣe, kò kan àwòrán.

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
Ti WhatsApp yẹn, kì í ṣe GIF mọ́. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi GIF níbẹ̀, MP4, ìyẹn fídíò, ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Pípa orúkọ rẹ̀ dà sí .gif kò tún un ṣe. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì tó bá ń kọ ẹ lóminú: GIF gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GIF87a tàbí GIF89a, BMP máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BM. Ìyókù á rí wúruwùru, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ náà tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Ẹ lè fi ffmpeg, ohun èlò tó ń tú fídíò, tú MP4 náà, àmọ́ fídíò ti ba etí lẹ́tà jẹ́, ó sì máa ń hàn lórí P10 torí píksẹ́lì rẹ̀ tóbi.

Ọmọ Iṣarà:
Kí ló dé tí ẹ ń wàhálà báyìí? GIMP, ohun èlò àwòrán, á ṣí GIF, fírémù kọ̀ọ̀kan á di léyà, ìyẹn ìpele àwòrán tó lé ara wọn. Filters, Animation, Unoptimize, ó parí.

Ará Mákún (Ṣàgámù):
Òótọ́ ni, Unoptimize ń ṣe iṣẹ́ `-coalesce`. Àmọ́ ohun tó hàn lójú nìkan ni GIMP ń kó jáde sí BMP, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pa léyà, tí ẹ máa tan òmíràn, fún fírémù kọ̀ọ̀kan. Fún fírémù mẹ́rin, ó dáa. Fún ogún, ẹ má bá mi dá a lábàá.

Àǹtí Ìmọ̀dì:
Kí ẹ tó ki kádì bọ bọ́ọ̀dù, ẹ wo ìwọ̀n fáìlì kan, kì í purọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tún, Properties, kí ẹ ka báìtì níwájú Size, kì í ṣe Size on disk. Píksẹ́lì 128 lọ́nà báìtì 3 jẹ́ 384 fún ìlà kan. Ìlà 32 jẹ́ 12,288. Ẹ fi orí fáìlì báìtì 54 kún un (40 tí wọ́n sọ lókè, pẹ̀lú 14 tó ṣáájú rẹ̀): 12,342. Ohun tó yẹ kí gbogbo fáìlì yín jẹ́ nìyẹn, láì sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn.

Tí ẹ bá rí 5,174, bíìtì 8 ni, `-type TrueColor` ni kò sí níbẹ̀. 12,426 túmọ̀ sí pé orí fáìlì tuntun ló wà lórí rẹ̀, ẹ ò kọ `BMP3`. 16,438 jẹ́ bíìtì 32. Tí fáìlì kan bá sì yàtọ̀ sí èkejì, bóyá wọ́n ti fún un pọ̀, bóyá àwòrán wọn ò dọ́gba.

Tí ìwọ̀n bá pé tí àwòrán ṣì dorí kodò, tàbí tí pupa di búlúù, kọntirólà ni kí ẹ dá lẹ́bi. Ìlà ìsàlẹ̀ ni BMP sábà máa ń kọ ṣáájú, búlúù ló sì máa ń wà níwájú pupa nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ ló máa yí i. Àwòrán tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilé tó fẹ́ wó tún yàtọ̀: ìlà BMP gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po báìtì 4, wọ́n á fi òfo kún un tí kò bá pé, kóòdù kan kì í fo òfo yẹn. P10 yín ò lè ní ìṣòro yìí, torí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 32. Bí ẹ bá rí i, àwòrán tí ẹ ò tíì sọ di 128 lẹ gbé síbẹ̀.

Ọmọ Ìmọ̀wo (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ ṣeun gan-an. 12,342 ni gbogbo wọn, mẹ́rìnlélógún. Wọ́n hàn dáadáa lórí bọ́ọ̀dù, àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ tó yẹ kó dúró lópin kàn ń kọjá fìrì.

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
BMP kò ní ibi tí wọ́n ń kọ àkókò sí. Inú GIF ló wà, ó sì ti ṣubú sọ́nà. Ẹ kọ `magick identify -format "%s %T\n" ami.gif`. Nọ́ńbà kejì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni àkókò, 100 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ aṣàwákiri sábà máa ń ka 0 tàbí 1 sí 10, kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìmọ̀wo (Ìjẹ̀bú-Òde):
Mẹ́tàlélógún jẹ́ 10, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ 200. Kọntirólà ń fi mẹ́wàá hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ṣeé yí.

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
Ó bọ́ sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì ìgbẹ̀yìn kó di ogún, F023 títí dé F042. Fáìlì 43 ni gbogbo rẹ̀, báìtì 530,706. `fps=10` (fírémù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) nínú ffmpeg lè ṣe ẹ̀dà náà fúnra rẹ̀, àmọ́ ó lè fi funfun dí ibi tí GIF ṣófo, gbogbo bọ́ọ̀dù á sì tàn yòò.

Àǹtí Ìmọ̀dì:
Ẹ má yọ òdo iwájú nọ́ńbà kúrò o. Láìsí i, F10 lè ṣáájú F2. FAT32 ni kí ẹ fi fọ́máàtì kádì, kí orúkọ má sì ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ṣáájú .bmp, torí ọ̀pọ̀ kọntirólà kéékèèké kì í ka orúkọ gígùn.