Wáyà yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí supercapacitor: ìrírí tèmi rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ni mo wà. Fáànù àti iná oníbátìrì ni mò ń tún ṣe. Ẹni tó bá ń to bátìrì pọ̀ mọ̀ pé a kì í jó lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà pẹ́ lórí ẹ̀, ooru á bà á jẹ́. Iná ńlá tó kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ṣẹ́jú, ló ń jẹ́ kí nickel, irin pẹlẹbẹ tó ń so bátìrì pọ̀, lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ra supercapacitor méjì nìyẹn, ìyẹn kapásítọ̀ ńlá tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó sì lè tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà: farad 500 (farad la fi ń wọn bó ṣe lè gba iná tó), fóòtì 2.7 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mo so wọ́n tẹ̀ léra, ó di farad 250, fóòtì 5.4.

Mo so páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà àlòkù, ẹ̀ka fóòtì 5, mọ́ ọn. Sọ́pláì náà kú. Mo tún tàn án, ó tún kú. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ni mo bá fa wáyà wá látara bátìrì sólà fóòtì 12, pé kíá ni màá já a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé! Iná tà pàrà, rọ́bà wáyà yọ́, ó lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò mi. Àpá rẹ̀ ò tíì lọ.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ní Èbúté ló là mí lójú. Ó ní, "Kapásítọ̀ tó ṣófo, ṣọ́ọ̀tì ni lójú iná. Gbogbo iná tó bá rí ló máa gbé mì. Sọ́pláì rẹ ò bàjẹ́, ara rẹ̀ ló ń gbà là." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó fún mi ní rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) onírin aláwọ̀ wúrà, ohm 1, watt 50, pé kí n fi sáàárín sọ́pláì àti kapásítọ̀. Báyìí, iná tó ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ò ju amp 5 lọ. Rẹsísítọ̀ yẹn máa ń gbóná gan-an. Ara férémù fèrèsé àlòkù ni mo dè é mọ́, kó lè máa fa ooru rẹ̀. Ó ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú kó tó kún, mo sì fara mọ́ ọn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ọjọ́ tí mo fi mítà wo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan 2.9, èkejì 2.1. Àpapọ̀ wọn pé 5 géérégé, síbẹ̀ ọ̀kan ti kọjá ààlà rẹ̀, ó sì lè wú. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń dín ti ẹni tó bá fẹ́ kọjá 2.7 kù ni mo wá fi sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èsì láti Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ewu o, bọ̀dá. Èmi, lẹ́yìn tí mo ti pa tèmi ni. Mo rò pé bí mo ṣe já sọ́pláì, ó ti parí. Sukurudíráfà bọ́ sórí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ náà méjèèjì, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin. Ká ní òrùka ọwọ́ mi ni ńkọ́? Látìgbà náà, mo máa ń bọ́ òrùka àti aago, màá so bọ́ọ̀bù mọ́tò mọ́ ọn títí yóò fi ṣú, màá sì fi mítà wò ó kí n tó fọwọ́ kàn án.